Òdòdó Àpáta Tí Ó Bímọ sí Kew

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹ ti rí àwòrán òdòdó Primula nínú ìwé ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn, tí ẹ sì ti gbà lọ́kàn yín pé òdòdó ilẹ̀ òtútù ni, pé kò kàn wá. Ìdí wà fún irú èrò bẹ́ẹ̀. Irú Primula tí ó wà ní ayé ju 400 lọ, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn ni ó wà lórí àwọn òkè Himalaya àti àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí, ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, kò ṣe aláìní tirẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ó sì jìnnà sí wa, nítorí pé àwọn òkè Ethiopia àti àgbègbè rẹ̀ ni ó ń gbé. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun àti ọmọ kan tí ìdílé rẹ̀ bí sí àjò. Láti ọdún mélòó kan wá ni mo ti ń fi ìtàn wọn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo sì ń tọ́jú èyí ọmọ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ìhín, lórí òkè Jos.

Ọdún méjì ni mo fi ṣe olùkọ́ ní ìlú Gondar, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Ethiopia. Láti ibẹ̀ dé Debark, tí í ṣe ẹnu ọ̀nà ọgbà ìjọba ti àwọn òkè Simien, jẹ́ nǹkan bí 100 kìlómítà. Ní 1969 ni ìjọba ya ibẹ̀ sọ́tọ̀. Nígbà tí ó sì di 1978, ó wà lára àwọn ibi 12 àkọ́kọ́ tí UNESCO kọ orúkọ wọn sínú ìwé ogún gbogbo ayé. Mo lọ síbẹ̀ nínú oṣù kẹwàá, lẹ́yìn òjò, èmi àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà, pẹ̀lú ọdẹ ọgbà kan tí ó gbé ìbọn kọ́ èjìká.

Àwọn òkè yìí kò jọ èyí tí a mọ̀ ní ilé. Ní ilẹ̀ wa, ènìyàn a gun òkè títí yóò fi dé orí rẹ̀. Ní Simien, orí pẹpẹ ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí ó sì kún fún koríko, ni ènìyàn ń rìn, títí yóò fi dé ibi tí ilẹ̀ gé lójijì, tí ojú kò sì tó ìsàlẹ̀. Àwọn ọ̀bọ gelada jókòó níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ já koríko jẹ bí àwọn obìnrin tí ń ṣa ẹ̀fọ́, wọn kò sì kà wá sí. Ní ọjọ́ kejì, a sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àfonífojì kan tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Òkúta ibẹ̀ dúdú. Omi ń kán lára rẹ̀ láìdákẹ́, bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé lẹ́yìn tí òjò ti dá. Nínú pàlàpálá òkúta náà ni àwọn ewé kan ti yọ, tí wọ́n tẹ́ ara wọn ká bí ẹ̀fọ́ yánrin, tí etí wọn sì rí bí eyín ayùn. Ohun funfun kan bò wọ́n, àfi bí ẹni pé a fi ẹfun kùn wọ́n. Mo fi ìka kan tọ́ ọ wò: ìyẹ̀fun ni lóòótọ́, ó sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ewé náà fúnra rẹ̀ ni ó ń mú un jáde láti ara irun rẹ̀ tíntìntín. Láàrin ewé wọ̀nyí ni ọ̀pá òdòdó ti dìde, kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè yí i ká ní ìpele ìpele, ìpele kan lókè èkejì, ọ̀pá lásán sì wà láàrin ìpele kan àti òmíràn. Ọrùn òdòdó kọ̀ọ̀kan gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, òórùn rẹ̀ sì dùn níwọ̀nba.

Ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí a bí sí abúlé kan tí kò jìnnà sí ibẹ̀, sọ fún mi pé bí omi bá ti kọ ojú kan sílẹ̀, a kì í tún rí ewé yẹn níbẹ̀ ní ọdún kejì. N kò já ẹyọ kan, nítorí òfin ọgbà kò gbà á. Àwòrán ni mo yà.

Kì í ṣe ní Ethiopia ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìdílé òdòdó yìí. Ìbátan rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù wà ní òdìkejì Òkun Pupa, lórí àwọn òkè Yemen. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí í jẹ́ Pehr Forsskål, akẹ́kọ̀ọ́ Linnaeus, ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ọba ilẹ̀ Denmark ni ó rán òun àti àwọn márùn-ún mìíràn lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá ní 1761. Ibà mú Forsskål, ó sì kú sí ìlú Yarim ní oṣù keje 1763, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 31. Nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Carsten Niebuhr nìkan ni ó padà délé láàyè. Òun ni ó kó ìwé olóògbé náà jọ, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1775. Inú ìwé yẹn ni orúkọ Primula verticillata ti hàn, èyí tí ó ń tọ́ka sí òdòdó tí ó yí ọ̀pá rẹ̀ po ní ìpele. Nígbàkúùgbà tí mo bá rí orúkọ Forsskål lẹ́yìn orúkọ ewé kan, a máa ṣe mí bí ẹni pé mo rí ẹni tí ó sọ ọmọ lórúkọ tí kò sì dúró jẹ nínú oúnjẹ ìsọmọlórúkọ.

Ti Ethiopia ní tirẹ̀, Wilhelm Schimper, ará Jámánì, ni ó kó o ránṣẹ́ sí Yúróòpù. Ọkùnrin yìí dé Ethiopia ní 1837, ó gbé níyàwó níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní 1878. Hochstetter fi orúkọ àwọn òkè náà pe òdòdó rẹ̀, ó ní Primula simensis. Àwọn onímọ̀ kan kà á sí irú kan lọ́tọ̀, àwọn mìíràn ní ẹ̀yà ti Yemen ni. Èmi kò rí ìdí tí mo fi ní láti bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ibùgbé gbogbo ìdílé náà. Wọn kò pọ̀ rárá. Ọ̀kan wà ní Sinai, ní ilẹ̀ Íjíbítì. Àwọn yòókù fọ́nká sí Tọ́kì, Ìránì, Afghanistan, títí dé ìwọ̀-oòrùn Himalaya, níbi tí Primula floribunda wà. Ilẹ̀ tí ó yí púpọ̀ nínú wọn ká gbẹ, ó le, ó sì gbóná. Ẹ̀bá ìsun omi tàbí ara àpáta tí omi ń kán sí ni ènìyàn yóò ti bá wọn, olúkúlùkù mọ ìsun tirẹ̀, bí ìbátan tí ogun tú ká tí wọn kò sì tún gbúròó ara wọn mọ́.

Ilé gíláàsì ni ó tún mú méjì nínú wọn pàdé. Ọgbà ńlá kan wà ní Kew, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú London, níbi tí wọ́n ti ń kó ohun ọ̀gbìn gbogbo ayé jọ. Ní nǹkan bí ọdún 1899, wọ́n rí ọ̀kan tí kò jọ àwọn yòókù láàrin irúgbìn Primula floribunda tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Kò jọ ìyá rẹ̀ tán, kò sì jọ Primula verticillata tán. Ẹnikẹ́ni kò ṣètò ìgbéyàwó náà. Nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé lẹ́búlẹ́bú ọ̀kan fún èkejì, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n tún rí, iyèméjì sì tán. Wọ́n pè é ní Primula kewensis, èyíinì ni Primula ti Kew.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa bínú sí orúkọ yìí. Ìyá wá láti Himalaya, bàbá wá láti ẹ̀bá Òkun Pupa, ọmọ sì wá ń jẹ́ orúkọ onílé tí ó gbà wọ́n sílé! Mo gbà pé ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n mo tún máa ń bi wọ́n pé: mélòó nínú wa ni yóò wo àwo irúgbìn kan tí gbogbo rẹ̀ jọra, kí ó sì ṣàkíyèsí ọ̀kan tí ewé rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, kí ó má sì fà á tu bí èpò? Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kew tọ́ sí ìyìn ju orúkọ lọ.

Ọmọ náà lẹ́wà, ara rẹ̀ le, ó máa ń tanná ní ìgbà òtútù nígbà tí ọgbà ṣófo. Ṣùgbọ́n kò so. Òdòdó yóò tàn, yóò sì rẹ̀, kò ní fi hóró kan sílẹ̀. Bí a ti ń ya ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára ìyá rẹ̀ láti gbìn ín síbòmíràn ni wọ́n ṣe ń ya òun náà lára ara rẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, àgàn ni òdòdó yìí.” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. N kò bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì ní kí a wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kan ni ó tọ́ àwa márùn-ún dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ. Mo rántí bí ohùn àwọn ènìyàn ti máa ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ó bá wọ ilé tí a ti ń sọmọ lórúkọ, àti bí ó ti jẹ́ pé òun ni ó máa ń kọ́kọ́ dìde láti lọ fọ abọ́. A mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kí ó tó wọlé. Nítorí náà, nínú kíláàsì mi, “aláìléso” ni à ń pe Primula kewensis àkọ́kọ́. Ó sàn bẹ́ẹ̀, ó sì tún bá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mu, nítorí pé ohun tí ó ṣe é kì í ṣe àìlera. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí gbogbo wa ń jẹ, láti Freetown títí dé Douala, kò ní hóró. Kúrómósómù rẹ̀ jẹ́ 33, ìdì mẹ́ta mọ́kànlá mọ́kànlá, kò sì ṣeé pín sí méjì lọ́gbọọgba. Ta ni ó pe ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní àgàn rí?

Ní 1905, ohun kan ṣẹlẹ̀. Ní ọgbà ìdílé Veitch, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títa òdòdó, Primula kewensis kan so. Hóró rẹ̀ hù, àwọn ọmọ rẹ̀ sì sanra ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn náà sì ń so. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ṣe àkọsílẹ̀ pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lára èyí tí kò léso. Ní 1912, obìnrin onímọ̀ kan, Lettice Digby, tẹ ohun tí ó rí nínú maikirosikópù jáde: aláìléso ní kúrómósómù 18, eléso ní 36.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ibí yìí ni àwọn ìwé kékeré tí a fi ń kọ́ni ti sábà máa ń fo nǹkan kọjá. Kúrómósómù ni okùn tíntìntín tí ó gbé àbùdá ìyá àti ti bàbá. Ti Himalaya ní 18, ti ẹ̀bá Òkun Pupa ní 18; ọmọ wọn sì gba 9 níhìn-ín àti 9 lọ́hùn-ún. Kí òdòdó tó lè ṣe irúgbìn, àwọn okùn wọ̀nyí ní láti wá ojúgbà wọn, kí wọ́n dúró ní méjì méjì, kí wọ́n tó pínyà. Àwọn ìwé náà ní àwọn okùn ìyá àti ti bàbá kò mọ ara wọn, nítorí náà wọn kò lè dúró pọ̀. Ó dùn láti gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí Newton àti Pellew rí nìyẹn nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1929. Wọ́n rí i pé àwọn okùn náà ń dúró ní méjì méjì dáadáa. Wọ́n jọra ní òde, wọn kò jọra nínú. Ẹ fi ojú inú wo ìwé méjì tí ó ní orí mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, tí iye ojú ewé wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n tí ojú ewé wọn kò tẹ̀lé ara wọn bákan náà. Bí ẹnìkan bá ya díẹ̀ nínú èyí, tí ó ya díẹ̀ nínú ìyẹn, tí ó sì dì wọ́n pọ̀ di ìwé kan, ojú ewé kan yóò wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn kò ní sí rárá. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí ó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́.

Ní ẹ̀ka tí ó so ní 1905, àwọn okùn náà ti da ara wọn kọ di méjì, ṣùgbọ́n wọn kò pínyà. Bí 18 ti di 36 nìyẹn. Láti ìgbà náà, okùn kọ̀ọ̀kan ní ìbejì tirẹ̀ gan-an tí yóò bá dúró, ìwé méjì tí ojú ewé wọn bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ náà ni àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì gbà wá sí ayé, láti inú ìdàpọ̀ àwọn koríko mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni tó ní maikirosikópù. Nípa ti Primula, ó ṣẹlẹ̀ lójú àwọn ènìyàn, nínú ìkòkò, ọjọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìwé.

Primula kewensis eléso yìí ni mo wá gbìn. Irúgbìn rẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, pẹ̀lú ìwé àṣẹ àwọn tí ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò. Hóró 40 ni mo fún nínú oṣù keje, nígbà tí òjò àti òtútù òkè Jos pọ̀. Hóró náà kéré ju ti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ. A kì í bò ó mọ́lẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ wà lára ohun tí ń jí i. Mo po ewé jíjẹrà mọ́ yanrìn odò àti èédú lílọ̀, mo fi omi rin ín, mo wọ́n hóró sí orí rẹ̀, mo sì fi gíláàsì bo àwo náà nínú ìbòòji. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 17 hù.

Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ni ó ń bẹ̀rù òtútù nítorí tiwọn. Òtútù kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Oòrùn oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ni, àti ọyẹ́ tí ń fa omi lára ohun gbogbo. Mo rántí àpáta Simien: kì í ṣe omi púpọ̀ ni ewé yẹn ń mu níbẹ̀, omi tí kì í dáwọ́ dúró ni. Níbo ni mo ti lè rí irú rẹ̀? Bàbá tí ń tọ́jú ọgbà wa ni ó fi ìka hàn mí. Àmù àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Amọ̀ rẹ̀ ti gbó, ó sì ń làágùn tọ̀sán tòru. A gbé àmù náà sí orí òkúta mẹ́ta ní ìhà àríwá ògiri, a to òkúta wẹ́wẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, a sì to àwọn ìkòkò kéékèèké sí orí òkúta wẹ́wẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ tí ó bá ti ara àmù kọjá a tutù, omi tí ó bá sì kán a máa gba ìsàlẹ̀ wọ inú ìkòkò. Ewé kì í tutù. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé omi tí ó bá dúró láàrin ewé Primula yìí a máa mú kí ó jẹrà, a sì máa fọ ẹfun rẹ̀ dànù. Eruku ọyẹ́ pàápàá, a kì í nù ún kúrò. A máa ń rọra fẹ́ ẹ ni.

Nígbà ìsinmi, bàbá yìí nìkan ni ó ń pọn omi sínú àmù. Nínú oṣù kẹrin, ó máa ń kó àwọn ìkòkò náà wọ ẹ̀yìn ilé ìdáná ní ọ̀sán gangan, ó sì ń kó wọn padà ní ìrọ̀lẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ dé, mẹ́fà ni ó kù nínú 17. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó tanná nínú ọyẹ́ tí ó tẹ̀lé e, wọ́n sì so.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti Buea, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, béèrè ìdí tí a kò fi lọ gbìn ín sí etí odò kí ó di ti ilẹ̀ wa. N kò gbà. Ewé orí omi tí ó wọ Badagry ní 1984 ní òdòdó tí ó dára lójú ju èyí lọ, àwọn apẹja ọ̀sà sì mọ ohun tí ó fi ojú wọn rí. Inú ìkòkò ni tiwa yóò wà. Ohun tí mo ní kí wọ́n fi ọkàn sí ni àwọn tí ó ṣì wà ní ìsun wọn. Láti 1996 títí di 2017 ni ọgbà Simien fi wà nínú ìwé àwọn ibi tí ewu wà lórí wọn, nítorí oko àti ẹran ọ̀sìn tí ń gun òkè lọ àti ẹran walia tí ń dínkù. Ìbátan rẹ̀ ti Sinai, Primula boveana, kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ mọ́, ní ẹ̀bá kànga àti ìsun mélòó kan yí òkè St Catherine ká. Kò sí àmù tí ó lè tó fún ìyẹn.

Irúgbìn ti ọdún yìí ti gbẹ. Mo ti pín in sí àpò ìwé 12, hóró 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kí ó wá sí ọgbà ní ọjọ́ Sátidé, kí ó sì mú ìkòkò amọ̀ tí a kò kùn lọ́dà wá. Ẹni tí yóò bá gbé e kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Bàbá ọlọ́gbà ni yóò fi bí a ti ń gbé àmù kalẹ̀ hàn wọ́n.